Ẹ̀kọ́ Tí Ọ̀gá Mi Kò Jẹ́ Kí N Fò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà á fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ katikíìsì ni mo ṣe. Mi ò ṣe òmíràn rí, àfi oko tí gbogbo wa ń ro. Katikíìsì ni ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi lẹ́kọ̀ọ́, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ, tó ń wàásù nígbà tí àlùfáà bá wà níbòmíràn, tó sì ń parí ìjà tọkọtaya kó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé. Mo mọ̀wé kà, ohùn mi ròkè, bàbá mi sì jẹ́ ọmọ ìjọ ní Osi, ó parí. Ní ti owó oṣù, ẹ má bi mí. Iṣu táwọn ará ìjọ ń gbé wá ni kò jẹ́ kí ìyàwó mi padà sílé bàbá rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ìyẹn. Mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọ̀rọ̀ Jésù tó le, àwọn tí gbogbo wa máa ń dọ́gbọ́n yẹra fún. Orí wọn ni gbogbo iṣẹ́ mi dá lé. Mo ti darúgbó, mo ti rí ìjì tó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ sínú oko olóko, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó tíì bà mí lẹ́rù tó sì fà mí mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìlọ́fà ni wọ́n ti fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Bàbá Jeremáyà là ń pè é. Ọkùnrin kúkurú ni, dúdú, ṣòkòtò péńpé ló fi ń lọ sóko, aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ ti fi sítáàṣì sí ló sì fi ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í rẹ́rìn-ín kí ó tó jẹun àárọ̀. Kò nà mí rí, ìbá sì sàn kó máa nà mí. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, á ní kí n padà síbẹ̀rẹ̀ orí náà, ìbáà ṣe ẹsẹ tó kẹ́yìn ni mo wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ka orí kan tó gùn nípa bí wọ́n ṣe kọ́ àgọ́ ìsìn nínú aginjù. Àwọn ọmọléèwé kọjá lọ níwájú ilé wa, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, mo ṣì wà lórí àgọ́ yẹn. Ọ̀gá mi ń ro ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, àmọ́ etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi.

Rímù lọ́rí la so mọ́ igi máńgòrò, òun ni agogo wa. Èmi ló ń lù ú. Bí mo bá lù ú kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá mi á ní kí n dúró, kí n tún un lù. Ó ní ìjọ kì í ṣe ilé tó ń jóná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Nínú ìjọ tiwa, a kì í fúnra wa yan ohun tí a máa kà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kàlẹ́ńdà ìjọ ló ń yàn án, ẹ̀kọ́ tó bá sì bọ́ sí Sọ́ńdè yẹn ni kíkà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀ tí gbogbo katikíìsì mọ̀. Tó o bá wo ẹ̀kọ́ náà, tó o rí i pé á bí àwọn èèyàn ńlá nínú, wàá fò ó, wàá mú Sáàmù kan tó tutù tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórí. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Wọ́n á tiẹ̀ kí ọ pé o kàwé dáadáa.

Ní Sọ́ńdè kan tí àwọn ìyá ìjọ fẹ́ ṣàjọ̀dún wọn, ẹ̀kọ́ tó bọ́ síbẹ̀ ni ibi tí Jésù ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ tọ òun lẹ́yìn gbọ́dọ̀ kórìíra bàbá àti ìyá rẹ̀. Mo sáré gbé kàlẹ́ńdà tọ ọ̀gá mi lọ. Mo ní kí á fò ó, nítorí àwọn ìyá wọ̀nyí ti ran aṣọ tuntun, wọn ò sì ní fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀. Bàbá Jeremáyà wò mí pẹ́. Èdè ìlú wa ló máa ń sọ, kò fìgbà kan yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́ ni?" ó ní. "Kèé ṣe ìwọ. Kí ló wá dé tó o fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún un? Ta lọ̀rọ̀ yìí máa dùn jù nínú ìjọ? Dìde, jẹ́ á gbé e lọ sí ulé rẹ̀."

Ilé Ìyá Tìmótì la lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin yìí bí. Ọmọ náà sì ti lọ sí òkè Ọya lọ́hùn-ún láti máa wàásù, láti ìgbà tó ti lọ, kò tíì wálé. A bá a níbi tó ti ń sá èlùbọ́. Ọ̀gá mi kí i, ó béèrè ara rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè. Ọ̀gá mi kò ṣàlàyé kankan. Kò sọ pé ohun tí Jésù ní lọ́kàn yàtọ̀, kò sọ pé kí ìyá má bínú. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wá bá èèyàn ṣọ̀fọ̀.

Ìyá Tìmótì ń fọwọ́ tẹ́ èlùbọ́ náà lórí ẹní. Nígbà tó yá, ó ní, "Gbogbo yín lẹ ń sọ fún mi pé ọmọ mi á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Jésù yìí nìkan ni kò purọ́ fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, orí mi wú. Mo rò pé obìnrin yẹn á sunkún tàbí kó lé wa jáde. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó dà bí ìbínú lójú mi lè jẹ́ ìtùnú fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Sọ́ńdè dé, ọ̀gá mi kà á, ó sọ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu Ìyá Tìmótì, pẹ̀lú àṣẹ ìyá náà, kò fi nǹkan kan kún un. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó wọ aṣọ tuntun tó bínú jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ tó le bá ń bọ̀, kó tó di Sọ́ńdè, gbé e lọ sílé ẹni tó máa dùn jù. Kà á fún un, kó o sì dákẹ́. Má bẹ̀bẹ̀, má ṣàlàyé. Bó bá lé ọ, dìde, kí i pé ó dàbọ̀, kó o sì máa lọ. Lẹ́yìn náà ni kó o tó gorí àga ìwàásù. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé tí mi ò bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́. Ó ní òun náà kò mọ ìtumọ̀ púpọ̀ nínú wọn, pé kò sì sẹ́ni tó gba òun síṣẹ́ kí òun máa yọ eegun inú ẹja Ọlọ́run.

Nígbà tó yá, mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí Òkè-Ọ̀pìn, wọ́n gbé mi lọ sí Erùkù, wọ́n tún gbé mi padà. Irinṣẹ́ wa ń yí padà. Agogo gidi dé, wọ́n gbé rímù wa fún àwọn tó ń ra irin. Àtùpà lọ, jẹnẹrétọ̀ dé, òun náà ń ké jù wá lọ nígbà tí a bá ń gbàdúrà. Máìkì dé, ohùn òkè tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí ò wúlò mọ́. Ó wá di pé inú fóònù làwọn èèyàn ti ń ka Bíbélì. Mi ò bá fóònù jà, ọmọ mi obìnrin ló ra èmi náà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Bíbélì ńlá orí àga ìkàwé, bí o bá ṣí i, gbogbo ojú ewé ló ń wò ọ́, èyí tó o fẹ́ àti èyí tó ò fẹ́. Lórí fóònù, ìka kan péré lo máa fi ti èyí tó le sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ ń fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ sí mi, ìlérí ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn ìlérí. Mo kàn ń wá àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo wà ní Odò-Ọ̀wá. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn tí mi ò lè gbàgbé ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá kan kú níbẹ̀, àgbàlagbà, ọmọ ìjọ wa. Bọ́dé ni àkọ́bí rẹ̀, kọńtirátọ̀ tó ń gbé Ìlọrin. Bọ́dé gbé òkú bàbá rẹ̀ sí mọ́ṣúárì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tuntun sí agboolé wọn, nítorí kò fẹ́ kí àlejò wá bá ilé amọ̀. Oṣù ń gorí oṣù. Ilé parí, wọ́n kùn ún, wọ́n wá dá ọjọ́. Ìsìnkú di Fúráìdè, ìdúpẹ́ di Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Mo ṣí kàlẹ́ńdà ìjọ láti wo ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ibi tí ọkùnrin kan ti bẹ Jésù pé kó jẹ́ kóun kọ́kọ́ lọ sin bàbá òun ni, tí Jésù sì dá a lóhùn pé kó fi àwọn òkú sílẹ̀ fún àwọn òkú bíi tiwọn láti máa sin, kó sì máa tọ òun bọ̀.

Àlùfáà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà tútù, rí i, ó jókòó. Ó ní kí á yáa wá nǹkan mìíràn kà, pé ilé Bọ́dé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìdajì ìjọ, bí wọ́n bá bínú lọ, a ti tú nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Mi ò sì lè bá a jiyàn, nítorí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ, èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní sin bàbá rẹ̀? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sílé Bọ́dé.

Àwọn akunlé ṣì wà nínú pálọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Bọ́dé fún mi ní àga. Màmá rẹ̀, opó olóògbé, jókòó sí igun, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kà á fún Bọ́dé, mo dákẹ́. Bọ́dé wá béèrè ẹni tó sin bàbá tèmi. Mo ní èmi ni.

"Ẹ̀yin sin tiyín tán," ó ní, "ẹ wá ń ka èyí fún mi. Bàbá Katikíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ka ìyẹn níwájú ìjọ, èmi àti gbogbo ilé bàbá mi ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì yín mọ́."

Mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Màmá Bọ́dé kò gbójú sókè, ẹ̀gúsí rẹ̀ ló ń bó.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò fi rọ̀. Ní Fúráìdè, èmi ni mo bá wọn lọ gbé òkú ní mọ́ṣúárì ọsibítù ńlá, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ọkọ̀ agbókùú ló ṣáájú, èmi àti dírẹ́bà wà níwájú, Bọ́dé, màmá rẹ̀ àti àwọn ẹbí tẹ̀ lé wa nínú mọ́tò tiwọn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé ìlú, a dé ibi tí odò kékeré kan ti gé ojú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè mu táyà dé ìdajì. A sọ̀ kalẹ̀, à ń wo ibi tí ọkọ̀ lè gbà kọjá.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn ọkùnrin kan fi yọ láti apá ìlú, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn lé èjìká, obìnrin kan wà lórí rẹ̀. Ràmótù ni, ìyàwó Múràínà tó ń ta rọ́bà lọ́jà. Ó ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Múràínà ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Nọ́ọ̀sì ìlú tó bá wọn wá sọ pé ọ̀kadà ò lè gbé e, pé bí kò bá dé ọsibítù ńlá kíákíá, á kú. A fi mọ́tò kékeré lọ̀ ọ́. Ó ní rárá, obìnrin náà gbọ́dọ̀ sùn gbalaja, bí wọ́n bá ká a kò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tán sọ́nà.

Gbogbo wa yíjú sí ọkọ̀ agbókùú. Ibi tí èèyàn kan lè sùn sí ló wà nínú rẹ̀, pósí sì ti gbà á.

Àbúrò olóògbé, tó jẹ́ olórí ẹbí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nínú ulé tiwa, a kèé sọ òkú àgbà kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá sọ kalẹ̀ sínú ugbó, a ti fi í wé ẹni tí kò lọ́mọ." Àwọn kan ní òótọ́ ni. Àwọn kan ní kí ọkọ̀ kọ́kọ́ sáré gbé bàbá délé ná, kó wá padà wá gbé obìnrin náà. Dírẹ́bà ní òun ò mọ̀ bóyá òun á lè jáde nínú ẹrẹ̀ yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ń sọ ọ́, Ràmótù ń kérora lórí ìlẹ̀kùn.

Bọ́dé dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú léèsì funfun rẹ̀. Ó wo pósí, ó wo obìnrin náà, ó wá wo èmi. Mo mọ ohun tó ń wò lójú mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tèmi ló máa gbọ́, kì í ṣe èyí tí mo kà fún un.

"Ẹ sọ Bàbá kalẹ̀," Bọ́dé ní.

Kò sẹ́ni tó mira. Ó bá ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó di pósí bàbá rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Nígbà yẹn làwa tó kù tó sún mọ́ ọn. A gbé e sórí koríko tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a gbé Ràmótù wọlé. Nọ́ọ̀sì ní ó yẹ kí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ lọ́sibítù bá wọn lọ, kí wọ́n má bàa máa dá wọn dúró lẹ́nu géètì. Bọ́dé kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wọlé, wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n lọ. Ó fi òkú bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wo ara wa níbẹ̀, àwa tí a wọ aṣọ òkú, tí a ń jiyàn bóyá kí alààyè dúró de òkú. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kà láti ìgbà èwe mi wà níwájú mi lórí koríko, mo sì rí ẹni tó ń dáhùn sí i nínú ọkọ̀ tó ń sáré lọ yẹn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹrẹ̀ kò jẹ́.

Màmá Bọ́dé ló jókòó ti pósí náà. A ní kó lọ jókòó sínú mọ́tò, ó kọ̀. Ó fi ọwọ́ lé orí pósí bí ẹni tó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀.

"Bàbá Bọ́dé," ó ní, "ẹ ní sùúrù. Ẹni tó ń kánjú ló kọjá."

Ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbé Bọ́dé padà dé. Òjò tún rọ̀ sórí pósí, a fi agboòrùn bò ó. Nígbà tí a máa fi wọ ìlú, ọ̀pọ̀ àlejò ti lọ, oúnjẹ ti tutù, omi ti kún inú sàréè, àwọn tó gbẹ́ ẹ ń gbọ́n ọn. Àwa díẹ̀ la sin ín. Ìròyìn sì dé láti ọsibítù. Ràmótù yè, ọmọ inú rẹ̀ kò yè. Àbúrò olóògbé gbọ́, ó ní ṣé torí èyí náà ni wọ́n ṣe sọ ẹ̀gbọ́n òun sínú ugbó. Bọ́dé kò fèsì. Àwọn ẹbí tó bá a dé láti Ìlọrin pàápàá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wò ó lẹ́bàá sàréè, mi ò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn tún máa fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù láé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àlùfáà bi mí ohun tí a máa kà. Mo ní èyí tó wà nínú kàlẹ́ńdà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, ṣùgbọ́n ìjókòó ilé Bọ́dé ṣófo títí a fi kọ orin ìwọlé tán. A ti jókòó kí Bọ́dé àti màmá rẹ̀ tó wọlé, àwọn méjèèjì péré. Olórí ẹbí kò wá. Múràínà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, kò mọ ibi tó máa jókòó sí, Màmá Bọ́dé bá sún, ó ní kó wá jókòó ti òun.

Ó kan ẹ̀kọ́ kíkà. Mo dìde, mo ṣí Bíbélì ńlá náà. Bọ́dé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kà á."

Mo fàyè sílẹ̀ fún un. Ó kà á bí ẹni tó ń rìn nínú odò, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ lọ sin bàbá òun, ohùn rẹ̀ tán. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró dè é. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Ó nu ojú, ó kà á dópin, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló sọ pé níbi yìí ni ẹ̀kọ́ ti parí.

Ó yẹ kí ìjọ dáhùn, bí a ti máa ń ṣe tí ẹ̀kọ́ bá parí. Kò sẹ́ni tó lè la ẹnu. Ìwàásù mi wà lápò, mo sì mọ̀ pé mi ò ní yọ ọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn Màmá Bọ́dé ti dìde, òun nìkan, ohùn arúgbó tó ti sunkún gbẹ:

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."